Òjò Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ṣọ́ọ̀bù géèmù Ràsáàkì ní Ṣakí, lọ́sàn-án. Ràsáàkì fẹ́ fi Sodiqat ṣaya, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì láti Ṣakí sí Ìwéré-Ilé, ní òun ò ní fọ́mọ fún ọkùnrin tí kò mọ mọ́tò wà. Ràsáàkì ní òun mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Inú tẹlifíṣọ̀n ni mọ́tò òun wà. Ràsáàkì àti bàbá náà ti jókòó báyìí, sítíárìn kan níwájú oníkálùkù, ojú tẹlifíṣọ̀n pín sí méjì.

BÀBÁ SODIQAT: Sodiqat ti wọlé sẹ́yìn mọ́tò ẹ o.

RÀSÁÀKÌ (ó bojú wẹ̀yìn): Níbo, Bàbá?

BÀBÁ SODIQAT: Nínú ọkàn ẹ! Àbí kò sí níbẹ̀?

RÀSÁÀKÌ: Ó wà níbẹ̀, sà! Ó tiẹ̀ ń jẹ káṣú!

BÀBÁ SODIQAT: Gbé e délé láìfarapa, mo máa mọ̀ pé awakọ̀ ni ẹ́. Ó yá, gbéra.

RÀSÁÀKÌ: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yan ojú ọjọ́. Oòrùn ni, ọyẹ́ ni, àbí òjò?

BÀBÁ SODIQAT: Ìwọ lò ń yan ojú ọjọ́? Ọlọ́run ńkọ́?

RÀSÁÀKÌ: Inú géèmù ni, Bàbá. Tí ẹ bá yan ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì á lágbára, torí atẹ́gùn tútù máa ń ki. Ṣùgbọ́n táyà á le, kò ní tètè di ọ̀dà mú.

BÀBÁ SODIQAT: Òótọ́ ni! Láàárọ̀ ọyẹ́, ńṣe ni bọ́ọ̀sì mi máa ń fò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ta ló sọ fún ẹ?

RÀSÁÀKÌ: Inú géèmù ló wà.

BÀBÁ SODIQAT: Géèmù yìí ti gba Ìwéré-Ilé kọjá rí! Fi oòrùn sí i. Oòrùn ọ̀sán gangan.

(Wọ́n gbéra. Kò pẹ́, Bàbá na ọwọ́, ó fa fáànù ṣọ́ọ̀bù síwájú tẹlifíṣọ̀n.)

RÀSÁÀKÌ: Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi fáànù ṣe níbẹ̀?

BÀBÁ SODIQAT: Ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Níbo ni rédíétọ̀ wà kí n bu omi sí i?

RÀSÁÀKÌ: Ẹ má bu omi sí i o! Iná ló ń lò! Ẹ ṣàánú mi!

(Ràsáàkì ń sáré, ó ń sọ̀rọ̀. Ní kọ́nà kẹta, táyà tó ti gbóná kọjá ààlà yọ̀, mọ́tò rẹ̀ yí bírí, ó lọ kọ lu ògiri.)

BÀBÁ SODIQAT (ó káwọ́ lérí): Yéè! Ó ti pa mí lọ́mọ!

RÀSÁÀKÌ: Bàbá, kò ṣe nǹkan kan! Ooru ọ̀dà ló mú táyà rọ̀!

BÀBÁ SODIQAT: O mọ̀ pé ó ń rọ̀, o ò sì dẹ eré? Ọmọ mi wà ní ọsibítù, ìwọ ń ṣàlàyé táyà!

RÀSÁÀKÌ: Ẹ jọ̀ọ́, sà, a lè tún un bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti tẹ ibí yìí, ara ẹ̀ á dá ṣáṣá.

BÀBÁ SODIQAT: Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Fi òjò sí i. Tí o bá tún ṣe é léṣe, lọ wáyàwó sí Àgọ́-Àrẹ.

(Òjò dé. Ràsáàkì yan táyà olójú jíjìn tó ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sá lọ. Bàbá ní tirẹ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.)

RÀSÁÀKÌ: Bàbá, ṣé mọ́tò yín kú ni?

BÀBÁ SODIQAT: Mò ń dúró kí òjò dá.

RÀSÁÀKÌ: Kò ní dá! Èmi ni mo ní kó máa rọ̀!

BÀBÁ SODIQAT: Òjò wo ni kì í dá? Máa lọ ní tìẹ. Fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò gbé òkú dé Ìwéré-Ilé rí.

(Ràsáàkì wo iwájú. Ìlà ìparí kù díẹ̀, ṣùgbọ́n omi bo kọ́nà tó kẹ́yìn. Mọ́tò rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀rù bà á gan-an, torí ó fẹ́ràn ọmọ yìí dé ọkàn. Ó rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró.)

BÀBÁ SODIQAT: Kí ló dé? Ìparí nìyẹn níwájú ẹ.

RÀSÁÀKÌ: Omi yẹn pọ̀, Bàbá. Táyà ti tutù jù, kò di ilẹ̀ mú mọ́. Sodiqat wà lẹ́yìn.

BÀBÁ SODIQAT: Ipò kìíní ńkọ́?

RÀSÁÀKÌ: Kó máa lọ.

(Inú Bàbá dùn débi pé ojú rẹ̀ kún fómi.)

BÀBÁ SODIQAT: Ràsáàkì, kó àwọn èèyàn ẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti fún ẹ níyàwó.

(Ràsáàkì ju sítíárìn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ fáànù. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kan ń ké ramúramù. Ó gbójú sókè: mọ́tò Bàbá ti ya tirẹ̀ sílẹ̀ nínú agbami òjò, ó sì kọjá ìlà ìparí fìrì.)

RÀSÁÀKÌ: Bàbá! Òjò ò tíì dá o! Sodiqat ńkọ́?

BÀBÁ SODIQAT (ó ń jó lórí àga): Ṣebí inú mọ́tò tìẹ ló wà! Ìyàwó ni mo fún ẹ, mi ò fún ẹ ní ipò kìíní!