Bí Gbádé Àlàmú Ṣe Gba Àwọn Erékùṣù Seṣẹ́lì Padà Lọ́wọ́ Ẹbí Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ yá mi ní etí yín, n ó dá a padà láìní àbùkù. Ìtàn ogun ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn nínú ogun náà, àfi ti ẹ̀fọn kan ṣoṣo tí Múfútàú lù pa mọ́ itan ara rẹ̀ láàárín ìpàdé, ẹ̀jẹ̀ Múfútàú náà sì ni. Síbẹ̀, bí a bá ń ka àwọn ogun tó mi ilẹ̀ Òkè Ògùn tìtì, tí a kò ka èyí mọ́ ọn, a jẹ̀bi.

Ta ni jagunjagun náà? Gbádégẹṣin Àlàmú ni, ọmọ agbo ilé Jagun Àpáta ní Ṣakí, ọmọ a-sáré-níwájú-ogun-kí-ogun-má-baà-bá-a. Bàbá ńlá rẹ̀ ni ó gun orí àpáta lọ lọ́jọ́ tí ọ̀tá wọ ìlú, tí ó jókòó síbẹ̀ títí ọ̀tá fi ṣe tirẹ̀ tán, tí ó wá sọ̀kalẹ̀ tí ó ní òun ni òun ń fi ojú lé wọn. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó yìnbọn fún ẹfọ̀n lẹ́yìn tí ẹfọ̀n ti kú, kí ọ̀rọ̀ náà lè dá ẹfọ̀n pàápàá lójú. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni ó bá ewúrẹ́ wí lórí iṣu tí ewúrẹ́ jẹ, títí ojú fi ti ewúrẹ́ tí ó fi iṣu kejì sílẹ̀ ní ààbọ̀. Bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá bí ojo, a jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ ní ilé ìgbẹ̀bí ni.

Gbádé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gá àwọn tí ń tún fíríìjì ṣe, aláṣẹ òtútù nílẹ̀ ooru, a-fọwọ́-kan-irin-kí-irin-máa-gbọ̀n, ẹni tí yìnyín ń wárí fún, ẹni tí ẹja dídì ń nà gbalaja níwájú rẹ̀ bí ìjòyè tí ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oòrùn yọ pẹ̀lú ìbínú. Fíríìjì gbogbo ìlú dákú, Gbádé sì ń jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó wọlé, bí owó bá sì ti wọlé, èrò ńlá kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Oyèbísí Àníkẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tó tutù bí omi inú àmù, tó sì le bí ìdí odó. Láti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti fẹ́ ara wọn, wọn kò tíì dá jókòó rí. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n bàbá Gbádé, àgbà obìnrin agbo ilé, ni ó jókòó sáàárín ọkọ àti ìyàwó nínú mọ́tò, ó ní kí ìyàwó má baà já bọ́. Ó bá wọn délé, ó sì pẹ́ kí ó tó rántí pé òun náà ní ilé. Bí ó ṣe ń jáde ni ọmọ ń wọlé. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni àbúrò ọkọ ń dé láti wá kọ́ṣẹ́, tí ìbátan tó wá ṣe ìdánwò ń tẹ́ ẹní sí pálọ̀, tí ó gbàgbé láti ká a. Yàrá Oyèbísí di gbọ̀ngàn ìlú. Ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn, Tèmídire, wọ ilé ọkọ, tí ilé dá páropáro fúngbà àkọ́kọ́, ni Oyèbísí rí àwòrán kan lára kàlẹ́ńdà ní ìsọ̀ onídìrí. Omi inú rẹ̀ dà bí aṣọ ẹtù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, iyanrìn rẹ̀ funfun bí ẹ̀lùbọ́ láfún, àga méjì wà lábẹ́ igi àgbọn, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan ní gbogbo àyíká. Ó wò ó títí wọ́n fi dì í lórí tán.

"Bàbá Tèmídire," ó wí fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó délé, "ẹ mú mi lọ síbi tí àga méjì péré bá wà."

Ọkùnrin tó ti ń tún fíríìjì ìlú ṣe kò lè ní òun kò lè tún ọkàn ìyàwó òun ṣe. Gbádé búra. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì wá ilé ayé kiri bí ọdẹ tí ń tọ ipasẹ̀ ẹtu, títí ó fi kan Seṣẹ́lì, àwọn erékùṣù tí Ọlọ́run fọ́n sí àárín òkun bí ẹni fọ́n àgbàdo fún adìẹ tí kò padà wá wò ó bóyá adìẹ jẹ ẹ́. Ó yẹ̀ wọ́n wò bí balógun tí ń yẹ odi ìlú wò. Èyí ga jù. Kò ní rin ìrìn yẹn láti Ṣakí kí ó tún wá gun òkè. Èyí ní ariwo. Èyí ní ìjàpá tó tóbi tó àpótí fíríìjì. Gbádé ní òun kò ní fi owó òun wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ wo alábòsí. Ó wá bọ́ sórí ọ̀kan tó kéré bí ìdodo, tó ní ilé ìtura kan ṣoṣo. Ó ku kí ó tẹ fóònù, kí ó sanwó, kí ogun parí.

Ibi tí ìwà akọni ti ń pa akọni nìyí. Ní agbo ilé Jagun Àpáta, kò sí ọmọ tí í kọjá omi ńlá kí àgbà obìnrin ilé má tíì da omi tútù sẹ́nu ọ̀nà kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá jáde láìtẹ omi náà, ìrìn àjò rẹ̀ kò lórí, bí ó bá sì bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò kí i káàbọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọlọ́gbọ́n ì bá yọ́ lọ bá Ìyá Àwẹ̀ró láàárọ̀, kí ó sọ ọ́ sí i létí, kí omi dà, kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n akọni kì í yọ́ rìn. Gbádé dúró de ọjọ́ ìpàdé ẹbí, nígbà tí gbogbo ilé pé, ó dìde, ó wúkọ́, ó sì kéde pé òun àti ìyàwó òun ń lọ sí Seṣẹ́lì.

"Seṣẹ́lì," Ìyá Àwẹ̀ró ní. "Ta ló kú níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

"Ta ló bímọ?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ."

"Ó dáa. Irú ìlú wo ni?"

Ìgbéraga gun Gbádé lẹ́ṣin. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Kì í ṣe ìlú kan, Ìyá. Erékùṣù ni wọ́n. Wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ."

Múfútàú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Gbádé lọ́kùnrin, gbórí sókè. Kò sí òde tí Múfútàú kò lè lọ. Bí àwọn kòkòrò bá pe ìpàdé, Múfútàú á béèrè ohun tí wọ́n máa sè. "Ó ju ọgọ́rùn-ún lọ," ó ní. "Ẹ̀yin méjì sì ni ẹ fẹ́ gba gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iná ràn. Ẹ mọ̀ pé bí nǹkan bá ti pọ̀ ní agbo ilé, a kì í wò ó, pípín ni a ń pín in, ìdí igi sì ni a fi ń pín in: a kì í ka orí ọmọ, ìyàwó tí bàbá ńlá fẹ́ ni a ń kà, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ìpín tirẹ̀. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, agbo ilé Jagun Àpáta ti pín Seṣẹ́lì sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdí ìyáálé mú èyí tó tóbi jù. Ìdí ìyàwó kejì, tí Múfútàú jẹ́ olórí wọn, ní àwọn kò gbà, pé ọjọ́ tí wọ́n pín oko Ìdíòrò náà ni wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ, kí wọ́n fún àwọn ní àwọn tó ní àgbọn. Ìdí ìyàwó kékeré ní ibikíbi tí wọ́n bá fún àwọn, kí ó ṣáà má jìnnà sójú títì. Ìyá Àwẹ̀ró fi ọ̀pá rẹ̀ fa ààlà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yan àwọn tí yóò bá Gbádé lọ yọjú sí ilẹ̀ náà, àti ẹni tí yóò gbé gààrí, àti ẹni tí yóò gbé ìkòkò.

Oyèbísí ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí akọni wọlé.

"Ṣé Ìyá ti da omi?"

"Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ní."

"Àwọn wo ló ń bá wa lọ?"

Gbádé gbójú sókè wo àjà bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Oyèbísí ṣa ẹ̀wà jíjẹrà kan dànù. Kò pariwo. "Bàbá Tèmídire, mo ti bá gbogbo ẹbí yín pín yàrá tó. Bí ẹnì kẹta bá fi lè wọ ọkọ̀ òfúrufú yẹn, ẹ lọ ní tiyín. N ó dúró sílé. Ó kéré tán, n ó rí àga jókòó sí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Gbádé lára ju ọfà olóró lọ. Ó dìde bí ìjì, ó sì kó gbogbo ohun ìjà rẹ̀ jáde. Irọ́ ni ohun ìjà náà. Ó kọ́kọ́ tọ Múfútàú lọ, ó ní ẹja kan wà nínú omi Seṣẹ́lì tó ń gbé ènìyàn mì. Múfútàú béèrè bó ṣe tóbi tó. Nígbà tó gbọ́, ó lọ ra àwọ̀n, ó ní irú ẹja bẹ́ẹ̀, yíyan ló dáa. Gbádé tún gbéra, ó tọ Ìyá Àwẹ̀ró lọ, ó ní àrùn kan ti wọ ibẹ̀. Ìyá ní ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ òun dá wà láàárín àrùn. Ó fi alágbo méjì kún àwọn tó ń lọ. Ọ̀ràn wá dójú ẹ̀. Gbádé yọ ìbọn ńlá: ó ní ọkùnrin kan ti kú níbẹ̀. Áà, ẹni bá fi epo pa iná ni yóò mọ bí ó ti í rí. Ilé gbogbo dìde. Òkú wà, ẹ sì ní ẹ ò fẹ́ kí á lọ? Wọ́n ti ń béèrè bóyá màlúù wà lọ́hùn-ún tàbí kí wọ́n mú un láti ilé.

Sátidé dé. Ẹrù kún ẹnu ọ̀nà Gbádé bí ẹrù ìlú tí ogun lé: ẹní, ọlọ, àpò gààrí, ìkòkò tí a fi ń se oúnjẹ òkú, àti àwọ̀n Múfútàú. Ìyá Àwẹ̀ró dúró láàárín wọn, igbá omi tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oyèbísí jókòó nínú ilé, kò wọṣọ àjò, kò sì di àpò.

Gbádé wò wọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Bí erin ṣe ń dúró nígbà tí ọdẹ ká a mọ́, bí Òkè Àdó ṣe ń dúró nínú òjò, bẹ́ẹ̀ ni ó dúró. Kò sí irọ́ kankan tó ṣẹ́kù nínú apó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, kò sí òkú. Kò sí àrùn. Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ lọ jókòó ti ìyàwó mi ni."

Ìyá Àwẹ̀ró gbé igbá sí ọwọ́ kejì.

"Jókòó kẹ̀," Ìyá Àwẹ̀ró ní. "Bí ẹ bá jókòó tán ńkọ́?"

"A ó máa wo omi."

"Bí ẹ bá wo omi tán?"

"A ó jẹun, Ìyá. A ó wá padà lọ wò ó bóyá omi ṣì wà níbẹ̀."

Múfútàú sún mọ́ ọn. "Ta ni ẹ máa lọ kí lọ́hùn-ún?"

"A ò mọ ẹnì kankan, Bùọ̀dá Múfú."

"Ọjà wọn ńkọ́?"

"A ò ní lọ sọ́jà."

"Kò sẹ́ni tó máa wá bá yín tàkúrọ̀sọ?"

"Ẹni tó bá gbóúnjẹ wá á gbé e kalẹ̀, á sì lọ."

"Kò ní jókòó?"

"Kò ní jókòó."

Múfútàú wò ó pẹ̀lú àánú. "Ẹ̀wọ̀n nìyẹn, Gbádé," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n gbin àgbọn sí."

Ẹ̀yin ò rí bí ogun ṣe ń tú ká! Alágbo kan rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Orúnkún dun ẹni tó fẹ́ gbé ìkòkò. Ìdí ìyàwó kékeré ní àwọn ti mọ̀ pé ibẹ̀ á jìnnà sójú títì. Ìdí ìyáálé dá erékùṣù wọn padà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Múfútàú ká àwọ̀n rẹ̀ léjìká, ó ń mi orí lọ, bí ẹni tó bọ̀ láti ilé olókùnrùn. Ẹ rántí pé Gbádé kò tíì dìde nílẹ̀ o. Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ṣẹ́gun.

Ó ku Ìyá Àwẹ̀ró àti igbá rẹ̀. Oyèbísí jáde, ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Ìyá tẹ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n etí Ìyá ti di, ohùn rẹ̀ sì dé ojú títì.

"Àníkẹ́, ṣé ó dá ọ lójú? Ọmọ yìí ń hanrun púpọ̀."

"Ìyá, láti ọjọ́ tí ẹ ti fà mí fún un, láàárín èrò ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ dá gbọ́ ọ."

Ìyá Àwẹ̀ró wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn Ìyá, ó gun àyà, ó dé èjìká, igbá sì ń mì pẹ̀lú rẹ̀, títí omi fi dà sẹ́nu ọ̀nà pìṣì, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ dà sí Gbádé lórí.

"Ó ti dà," Ìyá ní, ó ń nu ojú. "Ẹ dìde, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin òkè, ẹ̀yin pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹ̀yin tó dákú: ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Gbádégẹṣin Àlàmú, a-lé-ẹbí-bí-ẹni-lé-eṣú, ajagun-lórí-ikùn, ọba tó gba ilẹ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ láìdìde nílẹ̀, tẹ fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan, ó sì ra àyè ọkọ̀ òfúrufú méjì, ọ̀kan létí fèrèsé, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí Ìyá Àwẹ̀ró láàárín!

Múfútàú ló sọ ọ́ fún mi ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti fi kún un pé ìdí ìyàwó kejì kò dá erékùṣù tiwọn padà. Wọ́n kàn yá Gbádé lò ni.