Dhup Singh àti Ihò Kọkànlá

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ Dhup Singh kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọkùnrin náà kò burú. Kì í jalè, kì í mutí, kò sì gbé ohùn sókè sí ìyàwó rẹ̀ rí, nítorí pé ìyàwó náà kò ní gbà fún un. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò lè rí ìyìn tí kò ní olúwa kó má gbé e. Bí òjò bá rọ̀ sóko wa ní Dhanikheda, á ní òun ti sọ fún un kó máa bọ̀. Bí ẹfọ̀n aládùúgbò bá bí ìbejì, á ní òun lòun wò ó lójú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé abúlé, ìdí òpó ló lọ dúró sí, tó ń fọwọ́ yí irunmú rẹ̀, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Kò tọ́pẹ́, kò tọ́pẹ́."

Ṣùgbọ́n nídìí ọ̀rọ̀ ìbọn ni àìsàn yìí ti wọ̀ ọ́ lára jù. Ó ní ìbọn ìléwọ́ kan tó ń dán bí eyín ọmọdé, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, tó fi férémù sí, tó gbé kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá rẹ̀. Ní àràárọ̀, á gbé bẹ́ẹ̀dì onókùn rẹ̀ sẹ́nu abà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà kọjá ti lè rí i, á wá máa fi epo nu ìbọn. Ó ní nígbà kan, òun yìnbọn lé eṣinṣin kúrò létí màlúù, màlúù náà kò sì dá ẹnu dúró níbi àpọ̀jẹ tó ń jẹ. Ọta mẹ́fà ló rà pẹ̀lú ìbọn yẹn lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Bhateri ìyàwó rẹ̀, tó máa ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ló sọ fún wa nídìí ẹ̀rọ omi pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbẹ̀.

Satbir, ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà ní ẹnubodè. Ìyàwó tó fẹ́ sílé ń jẹ́ Kamlesh. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí bàbá ọkọ rẹ̀ bá ti wọlé, á fa ìborí bojú, kì í bá a sọ̀rọ̀ ojúkojú, gẹ́gẹ́ bí àwa ìyàwó ilé ti ń ṣe. Ohun tí Dhup Singh kò mọ̀ ni pé nílé bàbá rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa, Kamlesh ti kọ́ ìbọn afẹ́fẹ́ nílé ìwé dáadáa, èyí tí wọ́n fi ń figagbága. Ife-ẹ̀yẹ méjì ló gbà. Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú ata gbígbẹ sínú wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta, ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló wá bá a pé kó kọ́ àwọn náà. Ìbọn afẹ́fẹ́ fẹ́ ibi tó gùn tó mítà mẹ́wàá, tí atẹ́gùn kò dé, tí èèyàn kò sì ní máa rìn gba ibẹ̀ kọjá. Irú ibẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní Dhanikheda, òun náà ni abà Dhup Singh.

Bhateri ló bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tóun àti Bàbá Mange, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti jọ ń fa tábà nínú ìkòkò olómi.

"Bàbá Satbir, Kamlesh ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Àwọn ọmọbìnrin ń wá ibi tí wọ́n á ti máa kọ́ ìbọn. Abà yín sì rèé, ó ṣófo."

"Ó ṣófo kẹ̀? Èmi tí mo wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn."

Bàbá Mange rẹ́rìn-ín títí èéfín fi gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló dun Dhup Singh ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó gbé ìdí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìbọn kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀, Ìyá Satbir. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wí pé mo rorò. Ìdíje àgbègbè ń bọ̀ nílé ìwé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tí máàkì rẹ̀ bá ju tèmi lọ, kó wá pàṣẹ ohun tó bá wù ú nínú abà. Bí kò bá sì sí, n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn lẹ́nu obìnrin kankan mọ́."

"Ẹnikẹ́ni?" Bhateri bi í.

"Ẹnikẹ́ni. Àní ìwọ náà, bí o bá lè fi ẹfọ̀n rẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Ẹfọ̀n tèmi ń fún wa ní wàrà," Bhateri dáhùn. "Kí ni ìbọn tiyín ń fún wa?" Ó bá kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ o," ni Bàbá Mange wí. "Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Dhup Singh kò fi bẹ́ẹ̀ sùn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ti ń gbọ́ nípa ife-ẹ̀yẹ méjì aláta yẹn. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, ọgbọ́n kan sọ sí i lórí nígbà tó ń mu wàrà kíkan lọ́wọ́, tó fi gbé ife sílẹ̀ tó ń dá rẹ́rìn-ín. Ṣebí ìyàwó ilé ni Kamlesh? Ṣebí bí bàbá ọkọ bá ti wà nítòsí, dandan ni kó bojú? Ta ló ń bojú yìnbọn? Ojú ẹsẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Tíṣà Rampat, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bójú tó ìdíje náà.

"Tíṣà, ẹ bá mi fi orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó ọmọ mi. Ilé kan náà ni wá, a kò gbọdọ̀ jìnnà síra wa."

Tíṣà kì í béèrè ìdí nǹkan. Ó kọ Dhup Singh sí ojú ìdúró kẹrin, ó kọ Kamlesh sí ojú karùn-ún lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, katakata mẹ́ta ló kó àwa ará Dhanikheda lọ. Bhateri nìkan ló dúró sílé, nítorí ẹfọ̀n kò mọ ọjọ́ Àìkú. Dhup Singh jókòó síwájú bí ọkọ ìyàwó. Láwàní olómi òdòdó tó wé lórí tó agbọ̀n koríko. Jígí dúdú wà lójú rẹ̀, bẹ́líìtì ọta sì gba àyà rẹ̀ kọjá, èèpo ọta òfìfo tó lọ ṣà káàkiri níbi ìgbéyàwó tí wọ́n ti ń yìnbọn ayọ̀ ló kún inú rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, tí ẹnu rẹ̀ ká sókè bí ìrù àkekèé. Ìbọn rẹ̀ wà nínú àpò awọ pupa níbàdí.

Tíṣà Rampat pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán.

"Bàbá, kí nìyẹn níbàdí yín?"

"Ìbọn ni, Tíṣà. Ẹ má fòyà."

"Ẹ fà á fún ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu géètì kó bá yín tọ́jú rẹ̀. Èyí la ń lò níbí." Ó nawọ́ ìbọn afẹ́fẹ́ sí i, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè rí bó ṣe ń ṣe. Ó dún pọ́, bíi ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìgò.

"Ṣé ohun tó ní láti sọ nìyẹn?" Dhup Singh béèrè. "Àbí òtútù ló mú un?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn. Ìgbà tó dùn mọ nìyẹn. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìbọn mú.

"Ọwọ́ kan, Bàbá," ni Tíṣà wí.

Ó gbé e sí ìbàdí.

"Ẹ na apá yín síwájú, Bàbá."

Ó ní ó dáa, ó ti yé òun, kí àwọn ọmọdé kàn jẹ́ kóun fi bí àgbà ṣe ń gbé ìbọn hàn wọ́n. Ó fẹ́ fi ìka kan ṣoṣo yí i po. Ìbọn ìdíje kò sì dà bí ìbọn ilé: irin tí wọ́n ń fà lára rẹ̀, bí ẹ bá mí lù ú, ọta á jáde. Ó dún pọ́. Ẹnu bàtà ọ̀tún rẹ̀, ibi tó ká bí ìrù àkekèé yẹn, fò lọ sábẹ́ àga.

Gbogbo ojú tó wà ní gbọ̀ngán tẹ̀lé e lọ sábẹ́ àga.

"Mo ń dán an wò ni," Dhup Singh wí.

"Ó dára gan-an," ni Bàbá Mange fèsì látẹ̀yìn. "Kò ba ẹsẹ̀."

Tíṣà kìlọ̀ fún un pé ìfidánrawò ni ìyẹn, kò sí nínú máàkì, ṣùgbọ́n bó bá tún ṣe irú rẹ̀, ilé ló ń lọ tààrà.

Kamlesh wá bọ́ síwájú. Ó dé ojú karùn-ún, ó rí bàbá ọkọ rẹ̀ lápá òsì, ó dúró. Àwa obìnrin tí a wà lẹ́yìn mí kanlẹ̀, a mọ ohun tí bàbá náà ṣe fún un. Dhup Singh kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Irunmú rẹ̀ ló ń yí.

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. Ó wá fa ìborí rẹ̀ sílẹ̀, apá òsì nìkan, ó fi bo ojú òsì pátápátá, ó fi etí aṣọ náà há ẹ̀yìn etí. Bàbá ọkọ kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ojú ọ̀tún rẹ̀ sì ń wo káàdì tí wọ́n ń yìnbọn sí níwájú kedere.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Tíṣà wí.

Ìgbà yẹn ni Dhup Singh yọ jígí dúdú, tó wo ìlà àwọn tó kù. Ẹnì kan fi páálí bo ojú kan. Ẹnì kan lẹ pépà mọ́ jígí. Gbogbo wọn pátá ló bo ojú òsì kí ojú ọ̀tún lè ráyè ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn lọ bẹ Tíṣà kí wọ́n jẹ́ kóun wá di ìbòjú fún Kamlesh.

Ọta mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n pín fún kálukú. Ìbọn tó fúyẹ́ bí òròmọdìyẹ nígbà tí Dhup Singh kọ́kọ́ nà án ti di ọmọ ẹfọ̀n nígbà tó máa fi yìn ín lẹ́ẹ̀kẹfà. Òógùn fọ aró láwàní rẹ̀, omi òdòdó ń ṣàn gba orí irunmú lọ sí àgbọ̀n. Ọta àkọ́kọ́ lọ sí ògiri. Èkejì náà lọ bá a. Ìkẹta, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló lọ, a kò rí i títí dòní. Ìkẹsàn-án ló fẹnu kan igun ìsàlẹ̀ káàdì rẹ̀. Nígbà tó kan ìkẹwàá, apá náà ti ń wọ́ lọ sọ́tùn-ún fúnra rẹ̀. Ó di ojú méjèèjì, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó fà á.

Tíṣà lọ kó káàdì wá. Ó gbé ti ojú kẹrin sókè. "Ihò kan. Máàkì kan."

"Ó ṣì mọ́," ni Bàbá Mange wí. "Ẹ lè dá a padà sínú páálí."

Tíṣà gbé karùn-ún. Ó kà á, ó tún un kà. "Ọta mẹ́wàá ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ihò mọ́kànlá ló wà lára ti Kamlesh. Ẹnì kan ti yìn sára káàdì ẹlòmíràn. Bí a bá mọ ẹni náà, òfin ní ká yọ máàkì méjì nínú tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì jẹ́wọ́, n kò ní yọ nǹkan kan, a ó máa lọ sílé."

Ẹ ti gbọ́ ọ. Kí Dhup Singh ṣáà dákẹ́ ni. Kamlesh ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́, abà sì ti lọ, ṣùgbọ́n máàkì kan á bá a délé. Máàkì kan kì í ṣe nǹkan kékeré lẹ́nu irú èèyàn bẹ́ẹ̀: kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti di mẹ́sàn-án.

Àfi bí Tíṣà ṣe gbé káàdì náà sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò kan kọjá ní àárín gbùngbùn, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n. Tíṣà Rampat, tí kò yin ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, mi orí.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ihò tó jókòó báyìí. Kamlesh, ṣé tìẹ ni?"

Kamlesh yí ẹ̀yìn sí bàbá ọkọ rẹ̀, ó rọra dáhùn. "Rárá, sà. Mo mọ tèmi. Gbogbo tèmi lónìí ló fà sósì díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe tèmi."

"Ta ló wá ni ín?"

Ìyìn ńlá dúró láàárín gbọ̀ngán, kò ní olúwa. Dhup Singh wo ilẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ti gé lẹ́nu. Ó fi eyín mú irunmú, ó dì í mú ṣinṣin.

"Ẹnikẹ́ni tó bá yin èyí," ni Bàbá Mange wí wẹ́rẹ́, "ọ̀gá pátápátá ni."

"Èmi ni," Dhup Singh wí.

Nígbà tó rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́, ó gun orí àga. "Èmi Dhup Singh ni mo yìn ín. Ẹ wò ó dáadáa. Àti pé mo di ojú méjèèjì ni."

Tíṣà Rampat ṣí ìdérí gègé rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Máàkì kan, ká yọ méjì." Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò kọ irú rẹ̀ sára pátákó rí. "Ó ku ẹyọ kan kí ẹ tó dé òdo."

Kamlesh gba méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Bàbá Mange ló kọ́kọ́ délé. Ó bá Bhateri lórí àpótí nídìí ẹfọ̀n, garawa wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kamlesh ti gba abà," ó wí.

"Ó káre. Bàbá Satbir ńkọ́, mélòó ló gbà?"

Bàbá Mange ṣàlàyé bó ṣe lọ. Bhateri dáwọ́ dúró.

"Èmi ńkọ́? Mélòó ni mo gbà?"

"Ìwọ? Ìwọ kò wá síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mélòó ni?"

"Òdo ni, nígbà tó ò wá."

"Òdo àti ohun tí kò tíì dé òdo, èwo ló ga jù nínú méjèèjì?"

Bàbá Mange ronú sí i. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí," Bhateri wí. "Bó ṣe wí nìyẹn, àbí?"

"Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Bẹ́ ẹ bá wá sí Dhanikheda lónìí, ẹ ó gbọ́ pọ́, pọ́, pọ́ láti inú abà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án yẹn ni. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, níbi tí bẹ́ẹ̀dì onókùn máa ń wà, Bhateri pàṣẹ pé kí wọ́n so ọmọ ẹfọ̀n òun mọ́ ọn. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni Dhup Singh ti ń fi epo nu ìbọn báyìí. Ó ti kan káàdì Kamlesh mọ́ ara igi náà, ó sì fi ọ̀dà pupa yí ihò àárín ká.

Kò sí àlejò tí kì í dúró wò ó.

"Ta ló yin èyí?"

"Èmi ni," Dhup Singh á wí, ọwọ́ á lọ sí irunmú. "Mo di ojú méjèèjì."

"Áà. Ẹ̀yin lẹ gba ipò kìíní nìyẹn?"

Dhup Singh á tẹ orí ba, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ohùn Bhateri ló máa ń jáde láti ẹ̀yìn ẹfọ̀n.

"Ipò kẹta ló gbà nílé wa. Èmi tí n kò lọ, èmi ni mo gba ipò kejì."