Ẹnu Mi ní Pápá Ìṣeré Kútọnu

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé gbogbo nǹkan, ọjọ́ tí mo lọ wo bọ́ọ̀lù ní Kútọnu kò ní tán lọ́kàn mi. Ìkòtún ni mò ń gbé, kò tíì sí fóònù alágbèéká, ni ọ̀rẹ́ mi Làmídì bá ní kí n sin òun lọ wo bí Nàìjíríà yóò ṣe na àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ní pápá ìṣeré ìjọba wọn. Orílẹ̀-èdè kékeré, a ti fi ẹnu nà wọ́n tán kí a tó dé Sẹ̀mẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni èrò ti já mi gbà lọ́wọ́ Làmídì. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀, àárín àwọn onílé ni mo wà, tèmi ti fìlà aláwọ̀ ewé Nàìjíríà. Mo yára ki fìlà bọ ṣòkòtò. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń kọ orin tí n kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ká ní mo fi mọ bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ gólì wọn, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Mo ní, “Gólì wo tiẹ̀ nìyí jàre? Adìẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kò lè mú un.”

Bàbá kan níwájú mi yíjú padà. “Ará Èkó ni ọ́, àbí?” Yorùbá Kétu ni, kò lábùlà. Mo ti gbàgbé pé Bẹ̀nẹ̀ ni Kétu wà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Ọmọ mi ni gólì yẹn.”

Mo fẹ́ sá, èrò ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà. Àsìkò yẹn gan-an ni Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù wọlé. “Gó” ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí ibi tí mo wà; mo fi ikọ́ gbé ìyókù mì. Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, ó ń bá wọn sọ èdè tí n kò gbọ́. Mo gbà pé ó ti tú mi fó. Mo ń ro bí wọn yóò ṣe gbé òkú mi dé Ìkòtún, ni obìnrin kan bá na omi sí mi.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, bàbá fà mí lọ́wọ́ títí dé ibi tí ọkọ̀ àwọn ará Nàìjíríà wà. “Mo sọ fún wọn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́, pé ara rẹ ò yá.” Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní kí n dìde, kí n tètè máa lọ. “Ìyá ọmọ mi yẹn ò wá wo bọ́ọ̀lù mọ́,” ló wá sọ, “nítorí irú ohun tí o sọ yẹn.”

Làmídì ń jó nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Èmi ò lè jó. Mo ti kọ́gbọ́n pé kò sí gólì tí kò ní òbí. Títí dòní, bí gólì bá ṣàṣìṣe, màá kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó níwájú mi, ì báà jẹ́ ní pálọ̀ mi. Ìyàwó mi á ní ta ni mò ń wá, màá sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í dénú.