Owó Tí Mo Yá Tí Mi Ò Lè Ná

Ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì, ọlọ́dà tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ wà pa pọ̀, fi igi tí wọ́n fi ń ro ọ̀dà tẹ owó tí mo dá padà fún wọn, tí wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wo òkú ejò, ọjọ́ náà ò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo fà á. Àgbà ọkùnrin bíi tèmi, onírùngbọ̀n funfun, mo ń yáwó kiri, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ fi owó náà ṣe nǹkan kan. Ẹni tó yáwó tó jẹ ẹ́, wèrè tirẹ̀ níye. Ẹni tó yáwó, tó jókòó tì í di ọjọ́ kejì, tó wá dá a padà, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Dopemu. Géètì, wíńdò onírin, àgò jẹnẹrétọ̀, ohunkóhun tí irin bá ti lè dà, mò ń jó o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti kọ́ mi nílé kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé: ìbẹ̀rù gbèsè. Bàbá mi fẹ́ràn àtimáa sọ ìtàn ológò tó wá dógò sílé bàbá tiwọn. Láyé ìgbà yẹn, bí èèyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, ológò ni olówó máa rán sí i. Ológò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á máa bú u, á máa pariwo kí gbogbo ará àdúgbò lè gbọ́, adìẹ tó bá sì kọjá, ó di tirẹ̀. Bàbá mi ní adìẹ mẹ́sàn-án ni ológò náà jẹ kí wọ́n tó rí owó san. Èmi tí mo gbọ́ ìtàn yìí lọ́mọ ọdún méje, mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mi ò sin adìẹ kan ṣoṣo, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá dúró pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, àyà mi á já.

Torí náà, mi ò yáwó rí. Mo tiẹ̀ máa ń fi í yangàn.

Àfi ìgbà tí ọkùnrin kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní GRA rí géètì kan tí mo ṣe, tó sì wá mi wá. Géètì ńlá méjì ló fẹ́, pẹ̀lú irin àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ohun kan ló fi dè mí: ibẹ̀ ni kí n ti jó o, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iná òun. Kí n lọ wá ẹ̀rọ ìjórin tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mi ò bá rí i, ó ní òun ní wẹ́dà míì lọ́wọ́.

Tòkunbọ̀ ẹ̀rọ náà gan-an, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ni. Mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ lọ síbi ìsìnkú, mo gba báǹkì kékeré kan lọ ní Opebi. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn kò lè ju Sẹ́gun ọmọ mi lọ. Ó tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀.

"Dádì, mi ò rí yín o."

"Èmi rèé níwájú rẹ."

"Nínú àkọsílẹ̀ ni mò ń sọ, sà. Ṣé ẹ ò yáwó níbì kankan rí?"

Mo ta àyà síwájú. "Láéláé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé mo jẹ òun ní kọ́bọ̀."

"Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn, Dádì. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹ san òun padà."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Èmi ò bẹ́gi dí ọ̀nà kankan, ọ̀nà ọ̀hún gan-an ni mi ò là rí. Ọmọ náà ní kí n má banú jẹ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n yá kékeré, kí n san án lọ́jọ́ àdéhùn, àkọsílẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó tún sọ nǹkan kan nípa lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ti dìde. Mo ti gbọ́ èyí tó wù mí gbọ́.

Mo ra ìwé ọmọ iléèwé kan lójú ọ̀nà. Mo fi rúlà fà á sí mẹ́ta: ẹni tó yá mi, iye tó yá mi, ìbuwọ́lùwé pé mo san. Mo bá yà sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì tó ń ta ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi. Mo ní kí wọ́n yá mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wọn ò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, wọ́n yọ ọ́ fún mi bí ẹni yọ gúgúrú fọ́mọ.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀. Mo kó owó náà sínú páálí, mo fi ìdérí dé e, mo jókòó lé e. Oúnjẹ ọ̀sán, mi ò lè lọ jẹ, nítorí ta ló máa ṣọ́ páálí? Oníbàárà kan wá pè mí pé kí n wá wọn wíńdò òun, mo ní ọwọ́ mi dí. Ìyá Ìbejì kàn jáde wá da omi nù, mo fò sókè, mo rò pé ológò ti dé. Nígbà tó fi máa di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Kí ló dé, Wẹ́dà? Ṣé kò tó ni?"

"Ó tó, mà. Mo ti ṣe tán."

"O fi ṣe kí ni?"

"Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ síbí."

Wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n wo ìwé náà pẹ́. Èmi ń dunnú lọ. Mo kọjá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ da ìwé kọ. Mo tún padà yá lọ́wọ́ àwọn kan, títí kan Ìyá Ìbejì. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ìbuwọ́lùwé mọ́kànlá ló wà nínú ìwé mi. Kí báǹkì lè mọ̀ pé ọkùnrin ni mí, mo lọ bá Àlájì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àwọn ló ń ta irin fún gbogbo wa, àwọn náà sì ni olórí ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa oníṣẹ́ ọwọ́, níbi tí a ti ń dá owó ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọ́n yá mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, wọ́n fi rọ́bà pupa dì í. Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì tòun ti rọ́bà.

Ohun tí mi ò rò sí ni ohun tí ará àdúgbò ń rò. Ẹnìkan gba owó lọ́wọ́ rẹ, kò ná an, ó dá bébà kan náà padà, ó tún ní kí o kọ orúkọ rẹ sínú ìwé. Ẹ sọ òótọ́, kí lẹ máa rò? Wọ́n ní ìràwọ̀ wọn ni mò ń fà. Onígbàjámọ̀ ní láti ìgbà tí mo ti dá owó òun padà, orí mẹ́ta péré lòun rí gẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ ìdàwékọ dákú. Bákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà funfun kan ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo dá owó Ìyá Ìbejì padà ni wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n wá mú igi ọ̀dà.

"Wẹ́dà, bí ọmọ ìyá ni mo ṣe mú ọ. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo délé, mo bá ìyàwó mi tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bàbá Sẹ́gun, kí lẹ ń fi owó olówó ṣe? Wọ́n ti kọ orúkọ yín sínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta." Mo ní àkọsílẹ̀ ni mò ń kọ́. Ó ní, "Ẹ ti kọ́ ọ o. Gbogbo Dopemu ló ti kà á."

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì rán dírẹ́bà rẹ̀ wá láti béèrè irú èèyàn tí mo jẹ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni dírẹ́bà sì yà sí. Mo wà lẹ́yìn irin, mo gbọ́ ọ ketekete.

"Kò jalè o," ni Ìyá Ìbejì wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n má yá a lówó. Á dá a padà."

Dírẹ́bà náà mi orí lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀gá pè mí pé ọjọ́ mẹ́rin ló kù, bóyá kí òun tilẹ̀ pe wẹ́dà kejì.

Ní ọjọ́ Ajé, Àlájì ní kí n wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí n sì mú ìwé náà dání. Mo dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó sún ìjókòó fún mi.

"Wẹ́dà, owó tí o gbà lọ́wọ́ mi, kí lo fi ṣe?"

"Mo tọ́jú ẹ̀ ni, Àlájì."

"Fún ta ni?"

"Fún yín ni, sà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ, ọmọbìnrin Opebi, títí dé páálí tí mo jókòó lé. Àlájì tẹjú mọ́ mi. "Kí ló wá dé tí o ò ná an?"

"Bí mo bá ná an ńkọ́, Àlájì, tí mi ò wá rí i san?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, gèlè Ìyá Ìbejì, tí àwọn náà wà nínú ẹgbẹ́, já bọ́ sílẹ̀. Àlájì nu ojú wọn. "Owó tí èèyàn bá yá, iṣẹ́ ni à ń rán an. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á mú tolówó wá, á fún ìwọ náà ní tìrẹ. Ìwọ wá sàba lé e bí adìẹ." Wọ́n ṣí ìwé ńlá ẹgbẹ́, wọ́n fi ìka tọ orúkọ mi. "Ọdún mẹ́jọ lo ti ń dá owó ọjọ́ Ajé, o ò fo ẹyọ kan. Orúkọ tí o lọ ń wá ní Opebi, ibí ló wà."

Òfin ẹgbẹ́ ni pé wọ́n lè yá èèyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ti dá. Tèmi tó ẹ̀rọ náà, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní onídùúró méjì. Àlájì ní àwọn jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n béèrè èkejì, kálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Mo wo bàtà mi.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ n sọ pé géètì méjèèjì wà ní GRA títí dòní, wọn ò sì dún bí wọ́n bá ń ṣí wọn. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi san owó ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà mo mú lẹ́tà tí Àlájì kọ lórúkọ ẹgbẹ́ padà lọ bá ọmọ báǹkì yẹn; ohun tó ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní tí mi ò dúró gbọ́ nìyẹn. Mo yá kékeré níbẹ̀, mo fi ra irin, mo san án. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Dádì, mo ti ń rí yín." Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe àìjẹ gbèsè ló ń sọni dẹni tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Kí owó olówó gba ọwọ́ rẹ kọjá, kó ṣiṣẹ́, kó sì padà lásìkò, òun ni. Àyà mi ṣì máa ń já bí ọjọ́ ìsanwó bá ku ọ̀la, mo kàn máa ń fi òun náà rẹ́rìn-ín ni.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpàdé yẹn, bàtà mi ni mò ń wò nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan fa ìjókòó sẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ti dìde, gèlè wọn lọ́wọ́.

"Ẹ kọ orúkọ mi," ni wọ́n wí. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi ni ò jẹ́ kí ọkùnrin yìí jẹun ọ̀sán. Ṣé owó gbogbo wa ló wá máa rí ẹsẹ̀ gbé sá lọ?"