Ìlàjì Irùngbọ̀n Onígbàjámọ̀

Lánàá, bí oòrùn ṣe ń yọjú wọ fèrèsé ààfin báyìí ni ẹjọ́ kan wọlé, ẹjọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó kọ́kọ́ di ìhà rẹ̀ mú.

Ọmọbìnrin kan ló gbé e wá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù. Ó gbé àpò kámẹ́rà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni onígbàjámọ̀ àdúgbò wọn, ọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Dídán ojú yẹn gan-an ni ẹjọ́ náà.

Kábíyèsí jókòó, ìjòyè mẹ́rin jókòó tì í. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n ń pè ní Ìjòyè Onírùngbọ̀n, torí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, ó sì dúdú minimini, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun orí rẹ̀ ti funfun tipẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè bó ṣe jẹ́.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́?"

"Kábíyèsí, wọ́n fá irùngbọ̀n wọn."

"Irùngbọ̀n ta ni?"

"Tiwọn ni."

"Ó fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, o wá ń pè é lẹ́jọ́."

"Ìlàjì rẹ̀ ni tèmi, Kábíyèsí."

Ẹ̀rín bú nínú ààfin. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ku ọjọ́ méjì péré tí fíìmù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn olùkọ́. Bí kò bá dé, yóò tún ọdún náà kà, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ alágbàfọ̀ sì ti ní kò sí ọdún mìíràn fún eré. Áyọ́ọ̀nù ló kàn. Áyọ́ọ̀nù náà ti wà lórí tábìlì, ó ń dúró dè é.

"Àlàyé," ni Kábíyèsí wí.

"Nínú fíìmù mi, baba kan ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́, ni wọ́n bá wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó lé jáde nílé lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ti padà dé, ó wà ní ibùdókọ̀. Baba ju abẹ sílẹ̀, ó sáré jáde. Apá òsì ojú rẹ̀ ń dán, irùngbọ̀n ṣì kún apá ọ̀tún. A ti ya ìgbà tó ń fá a, a ti ya ìgbà tó ń sáré. Ó ku ìgbà tó dé ibùdókọ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣe baba náà, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọwọ́ kan apá ọ̀tún títí a ó fi parí."

"Ọjọ́ mélòó ni?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Kábíyèsí. Òjò rọ̀. Lẹ́yìn òjò, bátìrì kú. Lẹ́yìn bátìrì, ọkọ̀ tí a fẹ́ yà kó èrò, ó sì lọ."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí ìlàjì irùngbọ̀n," ni Ìjòyè Onírùngbọ̀n wí, ó ń fọwọ́ pa tirẹ̀ lórí. "Ìyà nìyẹn. Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ sílé, ká gbọ́ ẹjọ́ mìíràn."

"Ẹ fara balẹ̀, Ìjòyè. Onígbàjámọ̀, kí lo rí sọ?"

Ó dìde. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń bá àwọn òṣèré àdúgbò ṣeré, àmọ́ òkú ni wọ́n máa ń fi í ṣe, torí ó gùn, ó sì máa ń kún bẹ́ẹ̀dì dáadáa. Fíìmù yìí ni àkọ́kọ́ tí ayé yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó tẹrí ba bí ẹni tí kámẹ́rà ń wò.

"Kábíyèsí, ẹni tó fá a kọ́ ni wọ́n pè. Onígbàjámọ̀ ló fá a."

"Ìwọ kọ́ ni onígbàjámọ̀?"

"Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí, òṣèré ni mí. Òṣèré jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga, níwájú dígí. Onígbàjámọ̀ dé, ó bá ẹnì kan lórí àga tí ìlàjì ojú rẹ̀ ò tíì parí. Ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fi ìlàjì ojú jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ ni. Kí òṣèré tó la ẹnu, ojú ti dán."

"Òṣèré ò lè sá?"

"Abẹ ti wà lọ́rùn rẹ̀, Kábíyèsí. Ẹ̀yin náà ò ní sá."

Ìjòyè kan mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó ń ṣe ọmọ náà bíi pé áyọ́ọ̀nù ti ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ìyàwó onígbàjámọ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

"Kábíyèsí, èmi ni mo fá a. Ìdájí ọjọ́ Ajé ni, ó ń sùn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń jí bá ọkùnrin méjì. Bó bá kọjú òsì sí mi, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Bó bá yí padà, bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni. Ó sú mi."

"Kí lo fi fá a?"

"Ọ̀bẹ búrẹ́dì."

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ìyàwó mi, èyí tó ní eyín yẹn?"

"Dákẹ́. Mò ń gbà ọ́ sílẹ̀."

Aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti onígbàjámọ̀ ló tẹ̀ lé e. "Kò fá a lọ́jọ́ Ajé, Kábíyèsí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan wọlé, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní òun ò lè gbé irùngbọ̀n òun lé ọwọ́ ẹni tí kò lè parí tara rẹ̀. Ó ní kó fá ìyókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ, òun á sì kéde rẹ̀ káàkiri. Ọkùnrin yìí dúró títí. Ó wo dígí, ó wo oníbàárà. Ó wá fá a."

Ọmọ náà yíjú sí onígbàjámọ̀. "Bọ̀dá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Kí n wí pé wọ́n dẹ́rù bà mí? Èmi tó o ní mo lè ṣe baba?"

"Ta ni oníbàárà náà?" ni Kábíyèsí bi aránbàtà.

"Mi ò rí ojú rẹ̀. Iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n wòkè. Bàtà rẹ̀ ni mo mọ̀. Bàtà aláwọ̀ ewé ni, èmi ni mo rán àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Òwú pupa ni mo lò, torí dúdú ti tán."

Gbogbo ojú lọ sílẹ̀. Bàtà ìjòyè mẹ́ta wà ní gbangba. Ti ìkẹrin ti wọ abẹ́ àga.

"Ìjòyè Onírùngbọ̀n, ẹ na ẹsẹ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Kábíyèsí."

"Èyí tí kò dùn nínú méjèèjì, ẹ na ìyẹn."

Ó na ọ̀kan. Òwú pupa yọ síta bí ahọ́n.

"Mo kàn ní kó bá mi tún un ṣe díẹ̀ ni," ni Ìjòyè wí.

"Mi ò lè sọ ohun tí wọ́n wá ṣe, Kábíyèsí," ni onígbàjámọ̀ wí. "Àṣírí iṣẹ́ ni." Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ọwọ́ sókè láti fi búra, ìka rẹ̀ mẹ́ta dúdú fún aró.

Kábíyèsí ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ọmọ náà. "Kí ni baba yẹn máa sọ ní ibùdókọ̀?"

Ọmọ náà wo onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ sọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Kò tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé àyà sókè. Ó kàn rọra sọ ọ́ bí ẹni tó sáré dé.

"Ọmọ mi, mi ò dúró fá a tán."

Ìyẹn nìkan. Ìyàwó rẹ̀ wolẹ̀. Kábíyèsí wo fèrèsé títí, ó ní eruku ti pọ̀ jù nínú ààfin.

"Pẹ̀lú ojú dídán báyìí," ni ọmọ náà wí, "wọ́n á ní baba náà ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ti sinmi, kó tó rántí ọmọ."

"Mo ti gbọ́. Mo gbà pé onígbàjámọ̀ àti òṣèré, ẹni méjì ni wọ́n. Onígbàjámọ̀, mú abẹ rẹ jáde. Apá ọ̀tún irùngbọ̀n Ìjòyè, fá a. Òṣèré, jókòó, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ lójú. Ìyàwó, ìwọ tó o parọ́ níwájú mi, ìwọ ni wàá di gọ́ọ̀mù mú, má sì jẹ́ kí n rí ọ̀bẹ búrẹ́dì yẹn láéláé. Ọmọ, ṣí kámẹ́rà rẹ."

"Kábíyèsí," ni Ìjòyè wí, "kó wá fá ìyókù náà, kó lè dọ́gba."

"Ìyókù á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Òjò lè rọ̀."

Bí abẹ ṣe kan ìdí irùngbọ̀n náà, wọ́n rí i pé òkè nìkan ló dúdú, ìdí rẹ̀ funfun báláú. Làwọn obìnrin tó wá wòran bá gbé e lórin:

*Apá kan lọ, apá kan kù o,*
*Irùngbọ̀n baba.*
*Ẹ má béèrè èyí tó lọ,*
*Ó ti wọ fíìmù.*

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti wà ní ibùdókọ̀. Ẹnì kan nínú kíláàsì ọmọ náà ló ṣe ọmọ tó padà dé. Onígbàjámọ̀ sáré wọlé, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, gọ́ọ̀mù sì dì í mú. Aránbàtà ní kì í ṣe òun ló sunkún, òórùn gọ́ọ̀mù ni.

Láàárọ̀ òní, ọmọ náà ń gbé kámẹ́rà lọ sí ilé-ìwé láti lọ to fíìmù pọ̀, áyọ́ọ̀nù sì wà ní tútù lórí tábìlì nílé. Ó rí Ìjòyè Onírùngbọ̀n níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, èrò ti yí i ká.

"Baba, kí ló ṣe irùngbọ̀n yín?" ni obìnrin kan béèrè.

Ìjòyè gbójú lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "ọmọ mi ló dé. Mi ò dúró fá a tán."

Obìnrin náà fa àga fún un. Ìjòyè jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo kọjú sí oòrùn, ó ń retí ẹni tí yóò tún béèrè.

Ọmọ náà dúró, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjòyè mọ ọ̀rọ̀ náà sọ ju onígbàjámọ̀ lọ. Ọmọ náà pinnu pé onígbàjámọ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé.