Ta Ló Rọ Ìbọn Kóyọ̀dé?

Táàbù omi ilé ìwẹ̀ ń jò, tọ́, tọ́, tọ́, Kóyọ̀dé Ọládiméjì sì jókòó sí pálọ̀, ó gbé ìbọn lé itan, ó ń wò ó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ẹ má pe ọlọ́pàá o. Ráífù àtijọ́ ni, ọlọ́ta kékeré, irú èyí tí àwọn òyìnbó oko fi ń lé ehoro kúrò nínú ewébẹ̀. Wọ́n ti fi òjé dí i lẹ́nu, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà. Kò lè pa eṣinṣin mọ́, àfi tó bá wó lù ú.

Míṣítà Tọ́mkìn, bàbá arúgbó tó ń gbé ilé kejì, ló ni ín. Nígbà tí bàbá náà kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e fún Kóyọ̀dé, pé ó ṣeun tó máa ń bá bàbá òun gbé pàǹtí síta.

Fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kóyọ̀dé tí mo ń wí yìí, tí ẹ bá fún un ní abẹ́rẹ́, á ní idà ọba ni. Ó gba ṣọ́ọ̀bù Irewọlé onígbàjámọ̀ lọ ní Rye Lane, ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, ó ní ẹni tó ń rọ ìbọn fún bàbá bàbá ọba ló rọ ti òun.

Irewọlé pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. “Orúkọ ta ló wà lára ẹ̀?”

“Pẹ́tífà.”

Bàbá òyìnbó kan tí ọṣẹ ṣì wà lágbọ̀n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Pẹ́tífà kẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí ìyá òun ti máa ń ra aṣọ ìbùsùn! Pé ṣọ́ọ̀bù yẹn kò rọ nǹkan kan rí. Àwọn ẹlòmíràn ló ń rọ ọ́, ti ṣọ́ọ̀bù ni kí wọ́n lu orúkọ ara wọn mọ́ ọn, bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ tó sọ ọ́ ní orúkọ tuntun.

Láti ọjọ́ yẹn, Kóyọ̀dé di Bàbá Aṣọ Ìbùsùn.

Orúkọ náà gun bọ́ọ̀sì ṣáájú rẹ̀. Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní Camberwell, gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó délé, kò tíì bọ́ bàtà, ó ti ń ṣòfin: ìbọn yẹn kò ní gun ògiri òun, àfi tí ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó rọ ọ́, lójú òun báyìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

“Táàbù tí o tún ṣe nígbà Àjíǹde ṣì ń jò,” ló fi kún un. “Ìwọ ń wá ẹni tó rọ ìbọn.”

Kóyọ̀dé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rí bàbá òyìnbó kan ní Sydenham tó mọ ìran ìbọn bí àwọn ìyá wa ṣe ń mọ ìran ọkọ ọmọ wọn. Bàbá náà sọ fún un lórí fóònù pé kó yẹ abẹ́ ìbọn wò, pé nọ́ńbà kan á wà níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ gan-an. Ó ní kó gbé e wá bá òun ní Sátidé. Kóyọ̀dé dojú ìbọn délẹ̀, ó wò ó. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, ó sá pamọ́ sínú ìpẹtà. Ó pariwo títí ará ilé òkè fi lu ilẹ̀ gbì gbì gbì.

Ibi tí ẹ̀rín ti ń pa mí lọ nìyí: ìyá Àpèkẹ́ wà nílé náà.

Màámi wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí ọmọ, ohun méjì ni kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ wọn, kànrìnkàn onírin àti ìṣó. Ohun tó bá dọ̀tí, wọ́n á bó o. Ohun tó bá ti ń dán, wọ́n á fi ìṣó ha orúkọ ẹni tó ni ín àti àdúgbò rẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kó má bàa sọnù sí òde ìnáwó. Kò sí ìkòkò kan nílé náà tí wọn kò ha APEKE PECKHAM sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ gan-an kò yọ sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé máa mọ́, Màámi ti fi ògbólógbòó ìró wé ìbọn, wọ́n ti tẹ́ ẹ sínú páálí iṣu. “Mo ti bá ọ tọ́jú ẹ̀, àna mi.” Kóyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dúpẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tí òun àti Àpèkẹ́ wọ̀ lọ sí Sydenham, ìyá kan tẹjú mọ́ páálí náà.

“Bọ̀dá, iṣu yín mà gùn o. Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á?”

Kóyọ̀dé ní ẹ̀bùn ni. Ìyá náà ti ìka bọ ẹ̀gbẹ́ páálí, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó mà le.

“Ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni, Mà,” ni Àpèkẹ́ wí, ó kọjú sí fèrèsé.

Ní Sydenham, bàbá òyìnbó tú ìró. Ìbọn kọ mànà! Ó ń dán bí ìdérí ìkòkò ìyàwó tuntun. Ojú bàbá funfun ju bó ṣe funfun tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dojú ìbọn délẹ̀, ó gbé awò lé abẹ́ rẹ̀. “Hùn.” Ó tún wò ó. “Hùùn.”

Nọ́ńbà ti lọ. Ibẹ̀ ń dán bí ìdí ọmọ tuntun.

Kóyọ̀dé sáré jáde, ó pe Màámi.

“Mo bó o,” ni Màámi wí. “Ẹrù òkú, kí o gbé e kọ́ ògiri tòun ti àmì òkú lára? Tó bá wá bèèrè ẹ̀ ńkọ́? Ti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kì í jí dìde.”

Kóyọ̀dé wọlé padà bí adìyẹ tí òjò pa. Ó ń wá ìró tó máa fi wé ìbọn lọ fún ọlọ́pàá.

“Ẹ dúró ná, Míṣítà Ọládiméjì,” ni bàbá òyìnbó wí.

Lójú ibi tí nọ́ńbà wà tẹ́lẹ̀, ó ti rí ohun mìíràn, wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ọwọ́ ha. Ó sún mọ́ ọn, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. “Kó. Yó. Dì. Pékàm.”

Ó bọ́ awò ojú. Ó lọ síbi pẹpẹ, ó ṣí ìwé gbàǹgbà kan, ó ṣí òmíràn. Kò sí níbẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń bá ìbọn ṣeré, òun kò gbọ́ nípa alágbẹ̀dẹ yìí rí. Ó dájú pé ẹni kékeré ni, kò ní ẹ̀rọ, ìṣó ló fi kọ orúkọ ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n òun ló rọ ọ́, Kóyódì ará Peckham, Pẹ́tífà kàn rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Àpèkẹ́ ti dá ìkọ̀wé yẹn mọ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ojú Kóyọ̀dé ń bẹ̀bẹ̀, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, tọ́, tọ́, tọ́. Àdéhùn sì ni àdéhùn: onímọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, lójú òun báyìí.

“Ṣé ẹ ti gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí ní Peckham?” ni bàbá náà bi í.

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà. Òun náà ló ṣe táàbù ilé ìwẹ̀ wa.”

Bàbá náà mú gègé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà pé alágbẹ̀dẹ náà tún ń ṣe omi ẹ̀rọ.

“Ṣé ó ti kú?”

Àpèkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ láti fìlà dé bàtà.

“Kò tíì kú, sà. Ṣùgbọ́n a ò tíì délé.”