Agbádá Tí Gbogbo Wuse Wò Sunkún

Ẹni tó bá ń wá Olóyè Ọláníyan ní Karmo, kó má wulẹ̀ béèrè ilé rẹ̀. Kó wá dígí tó tóbi jù ládùúgbò, iwájú rẹ̀ ni yóò ti bá a. Ọláníyan a-rí-dígí-dúró! Ọláníyan a-rìn-bí-ẹni-tó-ra-títì! Bí mọ́tò ẹlòmíràn bá wà lẹ́bàá ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ síbi dígí rẹ̀, á tún fìlà ṣe, á rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, á sì kí ara rẹ̀ kú ẹwà.

Òkúta ló ń kó ní Mpape, tó ń tà fún àwọn tó ń kọ́ ilé ìjọba. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ Abuja lọ́wọ́ ni, tí eruku pupa kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Síbẹ̀, aṣọ funfun nìkan ni Olóyè ń wọ̀. Ta ló fi í joyè? Ẹ má béèrè o. Ẹni tó béèrè níjelòó, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi rí ìkíni gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń du Olóyè lóorun: ipò Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá ní Wuse àti Karmo. Ààrẹ tó wà níbẹ̀ fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò yan òmíràn. Ọjọ́ Àìkú ni. Ọjọ́ náà gan-an ni fíìmù ń bọ̀.

Fíìmù ọ̀hún kì í ṣe fíìmù lásán. Eré olórin ni, tí ẹgbẹ́ òṣèré kan ti ń gbé kiri orí ìtàgé láti bí ọdún mẹ́wàá, kó tó di pé wọ́n yà á sí fíìmù. Ìyá Tó Dúró Létí Ọ̀nà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìyá kan bá ọkọ̀ lọ, kò padà; ìyá dúró sétí ọ̀nà, ó ń fi orin dúró dè é. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣe é lórí ìtàgé ní Iléṣà, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà sunkún títí àwọn tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì fi wọlé tán.

Sànúsí, ọkùnrin tó ń fi mọ́tò gbé fíìmù náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ kiri ìlú, kọ lẹ́tà ṣáájú: “Aṣọ funfun tí a máa ń ta sára ògiri ti ya mọ́ wa lọ́wọ́ ní Kàbà. Ẹ bá wa wá òmíràn, kó fẹ̀ dáadáa.”

Wọ́n ka lẹ́tà yìí nípàdé. Olóyè Ọláníyan ti dìde kí wọ́n tó kà á dé ìsàlẹ̀.

“Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́.”

Ràdíátù, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse, ní, “Kò le rárá. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé ti tó. Kò wọ́n.”

“Háà, Ràdíátù! Ẹkún ńlá báyìí, ẹ fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé gbà á? Gínnì ni! Gínnì gidi, olódòdó, yáàdì méjìlá. Àgbà tó fi àkísà gba fíìmù àlejò, fíìmù á padà fi àgbà náà nu ilẹ̀.”

Àlímì, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbójú sókè nínú ìwé. “Olóyè, òwe ibo nìyẹn?”

“Tèmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá owó, wọ́n ra gínnì yáàdì méjìlá lọ́wọ́ Ràdíátù. Olóyè gbé e lọ sílé, ó ní òun fẹ́ ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ ti ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. Ẹ ní sùúrù. Ọkùnrin yìí kò jalè o. Ó kàn gbé aṣọ lé èjìká láti wo bó ṣe máa rí lára ògiri ni. Dígí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Gínnì náà ń dán, òdòdó inú rẹ̀ ń yọjú, ń sá pamọ́. Olóyè yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó wá fi ọgbọ́n àgbà rò ó: fíìmù, wákàtí méjì péré; Ààrẹ, ọdún mẹ́rin. Ta ni aṣọ tọ́ sí?

Télọ̀ kan ní Gwagwalada, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ló gbé e fún. Agbádá, bùbá, ṣòkòtò. Ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí fíìmù dé, Màmá Fèyí wá sílé rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Mpape ni. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, eruku ti kùn ún dé orúnkún.

“Olóyè, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń bójú tó ọ̀rọ̀ fíìmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè níwájú.”

“Màmá, àwọn ènìyàn pàtàkì la fi iwájú sílẹ̀ fún.”

“Mo gbà. Ẹni tó ṣe ìyá nínú eré yẹn, Oyèbísí, àbúrò mi ni. Èmi ni mo tọ́ ọ. Nígbà tó tẹ̀lé àwọn òṣèré, mo lé e jáde nílé, mo ní ìranù ló ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yọ́ lọ wò ó lórí ìtàgé. Ìtìjú jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀, n ò rí ojú ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ya fíìmù yìí tán, ó kú.” Ó nu imú. “Wọ́n ní nínú fíìmù, ojú ẹ̀ tóbi tó ilé. Ojú tèmi sì ń ṣú lọ, Olóyè. Dókítà ní kí n má retí ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ rí i kó tó ṣú tán.”

Nǹkan kan gún Olóyè láyà, bí eegun ẹja ṣe ń há ènìyàn lọ́fun. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá, ó mu ún, nǹkan náà sì lọ.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “Ẹ máa rí i kedere.”

Ọjọ́ Àìkú pé. Gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Wuse ni wọ́n lò. Wọ́n fi tapólì bo fèrèsé, kí oòrùn aago mẹ́rin má baà wọlé. Ògiri iwájú, pátákó dúdú tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níṣirò ló gba gbogbo rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Àárín pátákó dúdú yìí ni Olóyè kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́.

Sànúsí dúró, ó wo aṣọ, ó tún wo Olóyè. “Bàbá, kí lèyí?”

“Gínnì yáàdì méjìlá ni.”

“Èyí?”

“Ó súnkì. Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí àlejò má baà bá ìdọ̀tí. Ẹ sì mọ omi Abuja, ó le.”

Ràdíátù ta kìjí lórí àga. “Gínnì tèmi? Gínnì mi kì í súnkì!”

“Ràdíátù, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún àlejò.”

Sànúsí fẹ́ ti ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú kí àwòrán lè kéré bá aṣọ mu. Wáyà jẹnẹrétọ̀ kò gùn tó. Ó mí kanlẹ̀, ó tanná sí i.

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Ilé tí kò ní òrùlé, ọkọ̀ tí kò ní táyà. Nígbà tí ojú Oyèbísí yọ lápá ọ̀tún àwòrán, tó tóbi tó ilé lóòótọ́, ìlàjì rẹ̀ ló wà lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì: ojú kan, ìlàjì imú, ìlàjì ẹnu. Ìyókù rì sínú pátákó dúdú.

“Kai! Ìyókù dà?” ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn.

Màmá Fèyí wà níwájú. Ó ń na ọrùn sápá ọ̀tún, ó ń gbìyànjú láti yọjú wo ẹ̀yìn etí aṣọ, bóyá ojú àbúrò òun á wà níbẹ̀. Olóyè rí i. Ó yíjú.

Nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Lórí ìtàgé, bí orin bá dé ibi tó dùn, olówó á dìde, á lọ lẹ owó mọ́ olórin níwájú, gbogbo ayé á sì mọ ẹni tó náwó. Ṣé torí pé wọ́n ti sọ eré di fíìmù ni kí wọ́n má mọ olówó mọ́? Olóyè ti bá ayàwòrán kan sọ ọ́ kó múra láti ya òun. Ó ti ṣẹ́ owó sápò. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀.

“Mo gbé oúnjẹ kaná, ó jinná,
mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tutù.
Ẹni tí mo sè é fún,
ọ̀nà ló gbé e mì.”

Olóyè dìde, ó da agbádá gínnì rẹ̀, tí òkùnkùn ti ń bò, lé èjìká, ó rìn lọ sápá ọ̀tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó lẹ náírà kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Oyèbísí. Ó lẹ èkejì. Ó wá yíjú sí àwọn ènìyàn, ó na apá méjèèjì, ó dúró de ayàwòrán.

Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Iná ẹ̀rọ bo Olóyè lójú, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó gbọ́ tí obìnrin kan ní, “Yéè! Ẹ wo ojú!” Ó gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n lè rí ojú náà dáadáa. Ó gbọ́ ẹkún. Ẹkún ń pọ̀ sí i.

“Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi,” ló wí. “Owó kékeré ni mo ná.”

“Olóyè, ẹ má mira!” Sànúsí ló ń pariwo nídìí ẹ̀rọ. “Ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀! Ó tó!”

Olóyè wo ìsàlẹ̀. Ojú ńlá kan wà lórí ikùn rẹ̀, ó kún fún omi, ó ń wo gbogbo ènìyàn. Ìlàjì ìyá tó sọnù ti dé sára agbádá. Ó tiẹ̀ ń mọ́lẹ̀ ju ìlàjì ara aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ràdíátù fò dìde. “Ẹ wo òdòdó yẹn o! Òdòdó gínnì mi! Ẹ ò rí gínnì tó súnkì, ibi tó súnkì sí rèé!”

Ẹ̀rín bú, ó sì dàpọ̀ mọ́ ẹkún. Olóyè fẹ́ sá. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, ojú Oyèbísí pòórá sínú òkùnkùn.

“Ẹ jọ̀ọ́!” Màmá Fèyí ti wà níwájú rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀. Arúgbó tó tó bí i lọ́mọ kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo ayé. “Olóyè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dúró. Ojú àbúrò mi wà lára yín.”

Kí ni yóò ṣe? Ó padà. Àlímì di apá agbádá ọ̀tún mú, ayàwòrán di ti òsì, wọ́n nà án bí ẹni ń sá aṣọ. “Ẹ má mí púpọ̀,” ni Àlímì wí fún un, “ẹ ń jẹ́ kí ẹnu ìyá wú.”

Màmá Fèyí dìde, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà lórí ikùn Olóyè. Omi ń dà lójú òun náà.

“Oyèbísí,” ló wí, “o mọ̀ ọ́n ṣe. O mọ̀ ọ́n ṣe o. Kì í ṣe ìranù.”

Olóyè dúró bí òpó. Kò rí nǹkan kan nínú fíìmù náà. Àwọn tó ń wò ó nìkan ló rí: ọgọ́rùn-ún ojú, gbogbo rẹ̀ kún fún ìfẹ́ àti omijé, gbogbo rẹ̀ dojú kọ ọ́, kò sì sí ọ̀kan tó rí i.

Orin tán, apá kìíní fíìmù náà tán. Wọ́n ṣí tapólì kan. Ààrẹ tó fẹ́ padà sílé wúkọ́. “Ìdìbò ńkọ́?”

“A ti dìbò,” ni Àlímì dáhùn. “A ti yan Olóyè Ọláníyan sípò Ògiri Ẹgbẹ́. Ẹ bọ́ agbádá, Kábíyèsí Ògiri, ká kàn án mọ́ iwájú kí Màmá lè wo ìyókù.”

Wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

“Ṣòkòtò náà wà nínú yáàdì méjìlá o!” ni Ràdíátù ké.

“Ẹ fi ṣòkòtò sílẹ̀ fún un. Ìyá la wá wò, a ò wá wo ìyẹn,” ni Àlímì dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. Olóyè fara da gbogbo rẹ̀. Ó ti ń ro bí yóò ṣe bínú sí wọn lọ́la. Ìgbà náà ni Màmá Fèyí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí ẹ̀sín nínú ohùn rẹ̀ rárá.

“Ẹ ṣeun, Olóyè. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, n kì bá tí rí i. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ojú ìwé méje tí Ọláníyan ti kọ sílẹ̀ de ìdìbò wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀; ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n láti ìdí dé òkè. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Sànúsí ti tan apá kejì.